Èrò Ọkàn, Èrò Ọkọ̀: Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Jókòó Kí Ọkàn Rẹ̀ Rọlẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó pé mo fẹ́ fọkàn balẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ni mo fi sórí fóònù. Ilé wa ní Kubwa l'Abuja ni, aago márùn-ún ìdájí kù díẹ̀ kó lù, wọ́n sì ti mú iná lọ láti alẹ́. Mo dijú. Mo mí sínú, mo mí síta. Kí n tó mí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti dé ọ́fíìsì, èmi àti ọ̀gá wa ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí fáìlì kan. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sórí owó ilé. Láti orí owó ilé mo bọ́ sórí aṣọ ẹbí àbúrò mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Òṣogbo, mo wá ń ṣírò bóyá kí n ra gèlè pọ̀ mọ́ ọn, àbí kí n wá èyí tó bá a mu nínú àpótí aṣọ. Nígbà tí mo lajú wo fóònù, ìṣẹ́jú méjì péré ló tíì lọ. Mo pa á. Mo ní nǹkan yìí kì í ṣe fún irú wa.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ìjókòó yẹn. Ọ́fíìsì ò bà á jẹ́, gèlè ò bà á jẹ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe ni pé mo pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó ń ṣi èèyàn lọ́nà níbí. "Àṣàrò" la sábà máa ń pe mẹditéṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ àṣàrò tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, inú Sáàmù kìíní la ti gbọ́ ọ: ẹni tó ń ṣe àṣàrò nínú òfin Olúwa tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń ṣàṣàrò ń ro nǹkan ni, ó ń yí i síwá yí i sẹ́yìn bí ẹni ń jẹ obì. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. A ò ní ro nǹkan kan já. A máa jókòó, a máa fún ọkàn ní ohun kékeré kan dì mú, ìgbàkígbà tó bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀, a máa dá a padà síbẹ̀. Iṣẹ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo mọ àwọn tó lè gúnyán fún ogún àlejò tí wọn ò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, èrò kì í wá sọ́kàn rẹ̀ rárá. Irọ́ ni. Ní ọdún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní Yunifásítì Harvard fi fóònù bi èèyàn 2,250 léèrè, láìròtẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n ń rò. Nínú ìdáhùn 100, nǹkan bí 47 ló fi hàn pé ọkàn onítọ̀hún ò sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2001, onímọ̀ ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Marcus Raichle ti ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá jókòó láìṣe nǹkan kan gan-an ni iṣẹ́ tiwọn ń gbóná. Nítorí náà, bí ẹ bá dijú tí gbogbo nǹkan rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, orí yín pé.

Kí ẹ má sì fi agídí lé e jáde. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kí wọ́n má ro béárì funfun fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n máa lu agogo nígbà tó bá wá sọ́kàn wọn. Agogo ń dún ṣáá ni. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ má ro iyán àti ẹ̀gúsí tó ní bọ̀kọ́tọ̀ nínú. Ó ti dé, àbí?

Gáréèjì Jabi

Àfiwé kan wà tí mo ti fi ṣàlàyé fún bí èèyàn mẹ́wàá, òun ló sì ń tètè yé wọn jù. "Èrò" ni ohun téèyàn ń rò. "Èrò" náà ni àwọn tó fẹ́ wọkọ̀. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà létí. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí ní gáréèjì Jabi mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀: èrò ń wọ́ wọlé, ọkọ̀ Èkó ń pariwo, ti Ìbàdàn ń pariwo, agbèrò ti di báàgì yín mú kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ ń lọ.

Bí ẹ bá jókòó láti fọkàn balẹ̀, orí bẹ́ǹṣì kan ní gáréèjì yẹn lẹ jókòó sí. Ẹ ò lè lé èrò kúrò ní gáréèjì. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ má bá wọn wọkọ̀, kí ẹ má sì di agbèrò, tí èrò kan á wọlé tí ẹ tún máa pe méjì sí i kí ọkọ̀ lè kún.

Ṣùgbọ́n ẹ ó wọkọ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ kó má bàa yà yín lẹ́nu. Ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ wọ̀ ọ́, ẹ ó kàn dédé rí i pé ẹ ti dé Abaji lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ sí ìyá ọkọ yín ti wà lẹ́nu yín pátápátá. Ìgbà yẹn, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má bá awakọ̀ jà, ẹ má bá ara yín jà pé kí ló gbé yín débẹ̀. Ẹ padà sórí bẹ́ǹṣì. Sísọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tí à ń kọ́. Ẹni tó wọkọ̀ ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tó sì sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà 30, ìgbà 30 ló ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: àkókò àti igun ilé

Ìdájí ló dára jù, kí ilé tó jí. Ladánì ló ń jí ọ̀pọ̀ wa ní Abuja, yálà à ń kírun tàbí a ò kírun. Ẹni tó bá ń kí Àsùbáà, kó kí i tán, kó jókòó síbi tó wà, ara rẹ̀ ti rọ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Ẹni tó bá ń ṣe ìsìn àárọ̀ nínú ilé, kó ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó má fi há a láàárín.

Àwọn tó ń gbé Mararaba tàbí Nyanya máa rẹ́rìn-ín sí mi níbí, torí aago márùn-ún ti bá wọn lójú ọ̀nà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dì. Kò burú. Bí ẹ bá máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, ẹ wà níbẹ̀ kí àwọn tó kù tó dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àga ọ́fíìsì, ojú sí ògiri, ó tó. Ọkọ̀ tí wọ́n ti páàkì náà dára. Alẹ́ ṣòro díẹ̀, oorun máa ń jí i gbà.

Ibì kan náà ni kí ẹ máa lò lójoojúmọ́, kódà bó jẹ́ àárín bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù. Èmi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru Abuja kì í jẹ́ kéèyàn jókòó síbòmíràn. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀, ẹ jókòó sínú nẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ jìyà kí ọkàn yín tó balẹ̀. Ẹ má jókòó lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo. Ẹ pa dátà, ẹ fi fóònù sí ipò tí ìpè kankan ò fi ní wọlé, ẹ ṣètò aláàmù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ohùn tó rọra dún ni kó jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo wí. Kì í ṣe 10, kì í ṣe 20.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìjókòó

Àwòrán tí a máa ń rí ni ti ẹni tó ká ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan bí okùn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àga onígi tàbí àpótí ìjókòó ló rọrùn jù, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀. Àga rọ́bà máa ń tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì máa ń mú èèyàn tòògbé. Bí òun lẹ bá ní, ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ má fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ orí ẹní, kó ká ìrọ̀rí tàbí ìró sábẹ́ ìdí títí ìdí á fi ga ju orúnkún lọ. Bí orúnkún bá ga ju ìdí, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn á fi tẹ̀.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ rántí bí ọmọbìnrin ṣe máa ń ru garawa tó kún fún omi, tí kò fọwọ́ dì í mú, tó ń rìn lọ. Ọrùn rẹ̀ nà, èjìká rẹ̀ rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ò yọ síwájú, kò sì le gbagidi, torí bó bá le, omi á dànù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ ṣe bí ẹni pé garawa kan wà lórí yín. Ìgbà tí mo bá rí i pé orí mi ti ń tẹ̀ síwájú, mo kàn máa ń sọ fún ara mi pé "omi", mo sì ti tún jókòó dáadáa.

Ọwọ́ lé itan. Ẹ lè dijú, ẹ sì lè ṣí i díẹ̀ kí ẹ máa wo ilẹ̀ níwájú yín. Eyín kó má há mọ́ra. Ọ̀pọ̀ wa ló ń há eyín mọ́ra láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí a ò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èémí

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí gígùn mẹ́fà. Ẹ fimú mí sínú, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ mí síta, ẹ ka dé ẹ̀fà. Bí kíkà náà bá tó ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gbà yín ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí tí èyí tó ń jáde fi gbọ́dọ̀ gùn jù ni pé bí a bá ń mí síta, ọkàn tó ń lù kìkì nínú àyà máa ń rọra dẹ̀. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí ọpọlọ dé àyà àti ikùn, ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ní asthma, tàbí tí òòyì bá ń kọ́, kó fo ibí yìí, kó mí bó ṣe ń mí.

Lẹ́yìn mẹ́fà yẹn, ẹ yọwọ́. Ẹ jẹ́ kí èémí máa lọ bó ṣe wù ú, kó gùn tàbí kó kúrú. Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń kọsẹ̀: wọ́n á máa fà á, wọ́n á máa darí ẹ̀, àyà á wá fún wọn pinpin. Èémí yín ti ń mí fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, kò nílò ọ̀gá. Ẹ kàn wá ibì kan tí ẹ ti lè mọ̀ ọ́n lára. Ó lè jẹ́ ihò imú, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń wọlé tí lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń jáde. Ó lè jẹ́ ikùn tó ń wú tó ń sọ̀. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ má máa pààrọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ikùn ni kí ẹ lò. Láti bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku ti di imú gbogbo wa, ẹni tó bá ní ihò imú lòun máa fọkàn sí, sísín ló máa fi parí ẹ̀. Òrí díẹ̀ nínú ihò imú kí ẹ tó jókòó máa ń ṣèrànwọ́.

Ẹ wá máa kà. Mímí síta kan, ení. Òmíràn, èjì. Títí dé ẹ̀wá, kí ẹ tún padà sí ení. Bí ẹ bá ṣìnà, kódà bó jẹ́ lórí ẹ̀sán, ẹ padà sí ení. Bí ẹ bá dédé gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ẹẹ́tàdínlógún, ẹ ti wọkọ̀ nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ padà sí ení. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ká tiẹ̀ ní ìgbà 12, ìṣẹ́jú márùn-ún á jẹ́ 60, ìyẹn kíkà dé ẹ̀wá ní ìgbà mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kìíní mi, mi ò dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rin ni mo sábà ń dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìgbà tí èrò bá gbé yín lọ

Mo ti sọ púpọ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti lọ, kó tó di pé ẹ padà, ẹ fún ohun tó gbé yín ní orúkọ kan ṣoṣo, nínú, láìyọhùn. "Ètò", bó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣètò ọ̀la. "Ìrántí". "Ìbẹ̀rù". "Ìjà", bí ẹ bá ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Tèmi, "ìjà" ló pọ̀ jù, n ò sì mọ ara mí sí oníjà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orúkọ kan ti tó. Bí ẹ bá ń wádìí ìdí tí ìjà náà fi wáyé, ẹ ti di agbèrò.

Ohùn tí ẹ fi ń pe ara yín padà ṣe pàtàkì. Bí ọmọ ọdún méjì bá yọ́ jáde síta, ìyá tó gbọ́n kì í fi pàṣán pè é. Á ní "ọmọ mi, máa bọ̀", á gbé e padà sórí ẹní. Ọmọ náà á tún lọ. Á tún gbé e. Ẹni tó bá ń na ọmọ náà ní gbogbo ìgbà tó bá padà, ọmọ náà ò ní fẹ́ padà mọ́.

Àwọn èrò kan wà tó dà bíi pé wọn ò lè dúró. Ẹ ó dédé rántí pé ẹ ò tíì san owó iléèwé, tàbí pé ẹran wà níta tí ẹ ò gbé sínú fíríìjì. Ọkàn á ní "dìde báyìí, wàá gbàgbé". Ẹ fi bébà kékeré kan àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó tó di pé ẹ jókòó, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́rùn yín lónìí síbẹ̀. Bí wọ́n bá tún dé, ẹ sọ fún wọn pé orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ariwo

Ẹni tó bá ní kí Abuja dákẹ́ kóun tó fọkàn balẹ̀ ò ní bẹ̀rẹ̀ láéláé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ajá, ìṣọ́ òru tí kò tíì tú, àti mẹ́rúwà, ẹni tó ń ta omi kiri, tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá lórí òkúta, táyà kan ń ké kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá mẹ́rúwà yẹn jà nínú ọkàn mi. Níkẹyìn mo pinnu pé lọ́jọ́ kan, òun ni màá fi ṣe èémí. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo tẹ̀ lé ìró táyà náà bó ṣe ń sún mọ́ wa, bó ṣe dé ẹnu géètì wa, bí kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣe gbá èkejì nígbà tó já sí kòtò, bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń kéré, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. N kò ro nǹkan kan mìíràn ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí ariwo bá pọ̀ ju èémí lọ, ẹ fi èémí sílẹ̀, ariwo ni kí ẹ máa gbọ́. Ẹ má sọ pé "jẹnẹrétọ̀ bàbá yìí ti ń yọ èèyàn lẹ́nu jù". Ìró nìkan: ó ga, ó wálẹ̀, ó já. Òjò lórí páànù dára jùlọ fún èyí.

Ara náà máa sọ̀rọ̀

Imú á yún yín. Ẹ dúró fún èémí mẹ́ta kí ẹ tó họ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sí mọ́. Bí ó bá ṣì wà, ẹ họ ọ́. Ẹsẹ̀ á kú tipiri, torí iṣan ìmọ̀lára tí ara tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ rọra nà án, ẹ má fi ẹsẹ̀ tó kú dìde lójijì. Oorun á gbé yín: ẹ lajú, ẹ tọ́ ẹ̀yìn, ẹ bọ́jú kí ẹ tó jókòó lọ́la. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń sùn, kì í ṣe mẹditéṣọ̀n lẹ nílò, ẹ tètè lọ sùn lálẹ́.

Ẹkún náà lè wá, láìnídìí. Ẹ jẹ́ kó wá.

Ẹ̀sìn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ò lè ṣàì wáyé. Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé kọ́ńpáùnù rí mi láti ojú fèrèsé ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Lálẹ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, wọ́n ní béèyàn bá sọ ọkàn ẹ̀ dòfo, nǹkan mìíràn á wọ̀ ọ́ o."

Mo ní, "Mà, kò dòfo. Èémí ni mò ń kà."

"Èémí wo lèèyàn ń kà? Ṣé wọ́n fẹ́ jí i gbé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè wọn tọ́. Kíkà èémí yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Éṣíà ló ti gbajúmọ̀, kò yẹ ká fi pamọ́. Ní 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn mú irú ìjókòó yìí wọ ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn aláìsàn tí ìrora ò kúrò lára wọn. Ṣáájú ẹ̀, Herbert Benson, dókítà tó ń tọ́jú ọkàn tó ń lù nínú àyà, ní Harvard, ti rí i pé bí èèyàn bá jókòó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń lo atẹ́gùn díẹ̀, mímí rẹ̀ sì ń dẹ̀. Dókítà yìí náà ló ń sọ fún àwọn aláìsàn pé wọ́n lè mú ọ̀rọ̀ kan láti inú ẹ̀sìn tiwọn, kí wọ́n máa tún un sọ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ìyá Ìbejì gbọ́ èyí, ara tù wọ́n. Ní báyìí, bí wọ́n bá mí síta, "Olúwa, ṣàánú" ni wọ́n ń wí dípò ení, èjì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó bá ń lo orúkọ Ọlọ́run, tàbí tó ń fa tẹ̀súbáà, mọ̀ pé ìjọsìn ló ń ṣe, kó ṣe é bí ìjọsìn, kó má máa sọ ọ́ di egbòogi oorun. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má torí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó fi sílẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn fún Ìyá Ìbejì náà.

Bí ẹ ṣe máa mú un gùn

Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sàn ju ìṣẹ́jú 40 lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, 10. Mo pẹ́ lórí 15 gan-an, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ jókòó lọ́jọ́ kejì, ẹ má san gbèsè. Ẹ fi bírò sàmì sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri ní ọjọ́ tí ẹ bá jókòó. Ohun tí ẹ ń sàmì sí ni pé ẹ jókòó, kì í ṣe bí ọkàn yín ṣe dákẹ́ tó. Àwọn ọjọ́ tí mo rò pé ó dára jù, ẹ̀yìn wọn ni mo ti sábà máa ń binú sí kọ̀ńdọ́kítọ̀.

Ohun tó máa yí padà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí. Tẹ́lẹ̀, mo ti máa dé Lọ́kọ́ja kí n tó mọ̀ pé mo wọkọ̀. Oṣù kẹta, mo ń sọ̀kalẹ̀ ní Gwagwalada, tí kò jìnnà tó Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ kan wà tí mo ti fẹsẹ̀ kan sórí ọkọ̀ tí mo sì rí ara mi. Lọ́jọ́ kejì mo tún dé Lọ́kọ́ja.

Ní ojú ọ̀sán, ẹ lè lo èémí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ojú lílà ni o, pàápàá bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bí ara yín ò bá gba ìjókòó, ẹ lọ rìn létí adágún Jabi tàbí ní Millennium Park kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ rọ́pò èémí, gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbéra. Ẹ má rìn bí ẹni tí wọ́n di nǹkan mọ́ lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọdé á wò yín.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lápá Àríwá yìí. Àwọn kan sá kúrò nílùú wọn, àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, àwọn kan wà nílé lọ́jọ́ tí olè wọlé. Fún irú wọn, dídijú lè mú ọjọ́ náà padà wá bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agídí jókòó. Ẹ lajú, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tí ẹ ń rí nínú yàrá, ẹ dìde, ẹ mu omi. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, tàbí bí oorun bá dá pátápátá, tàbí bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, dókítà lọ̀rọ̀ kàn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní Barnawa ní Kaduna. Mo mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, Àrò ní Abẹ́òkúta là ń rántí, ojú a sì máa tì wá. Àwọn tí àìsùn àti ìbẹ̀rù ń dà láàmú náà ń lọ síbẹ̀.

Bí aláàmù bá dún

Ẹ má fò dìde. Ẹ pa á, ẹ jókòó síbẹ̀ fún èémí mẹ́ta sí i. Ẹ gbọ́ ohun tó ń dún nínú ilé. Ẹ mi ọmọ ìka ọwọ́, ẹ mi tẹsẹ̀, ẹ lajú díẹ̀díẹ̀. Ẹ nà tàn, ẹ di ògiri mú bí ẹsẹ̀ bá ti kú. Ẹ gbé àpótí padà sí igun rẹ̀, ẹ sàmì sórí kàlẹ́ńdà, ẹ gbé omi àwọn ọmọ kaná. Ó di ìgbà yẹn kí ẹ tó tan dátà.